Orúkọ Ló Ń Ṣíwájú Oògùn: Ẹ̀kọ́ Lára Kòkòrò Orí Ọparun

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé odindi ọ̀jọ̀gbọ́n wà ní yunifásítì, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún dé ọdún ni kó máa kó kòkòrò orí ọparun jọ, kó máa yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì máa sọ wọ́n lórúkọ, kí lẹ máa wí? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò rẹ́rìn-ín. Àwọn kan yóò ní owó ìjọba ló ń ṣòfò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, torí irú iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó gba àgbàdo lọ́wọ́ àrùn lóko tiwa níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Ṣáínà. Agbègbè Guizhou wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Ilẹ̀ olókè ni, ọparun sì pọ̀ níbẹ̀. Irú ọparun tó wà ní Ṣáínà lápapọ̀ lé ní 500. Wọ́n ń fi kọ́lé, wọ́n ń fi hun ẹní àti apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi ṣe bébà, èéhù rẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, wọ́n ń sè é jẹ. Ohun tó bá ba ọparun jẹ́ níbẹ̀ ti fọwọ́ kan àpò ọ̀pọ̀ ìdílé. Ní Yunifásítì Guizhou tó wà ní ìlú Guiyang, àwọn onímọ̀ kòkòrò bíi Li Zizhong, Chen Xiangsheng àti Yang Lin ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ọ̀wọ́ kòkòrò kan tí ń mu oje ọparun. Lọ́dún 2012, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé odindi ìwé jáde lórí irú kòkòrò yìí nìkan.

Leafhopper ni òyìnbó ń pe kòkòrò náà. Afòléwé ni n ó máa pè é níhìn-ín, torí pé orí ewé ló ń gbé, fífò ló sì fi ń sá. Ẹ ti rí i rí, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ̀. Bí ẹ bá gba inú koríko kọjá, àwọn kékeré tí ń fò fìrì fìrì níwájú yín, afòléwé wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kò gùn ju mìlímítà 3 sí 10 lọ. Tata a máa gé ewé jẹ, ṣùgbọ́n ẹnu afòléwé dà bí abẹ́rẹ́: á gún ewé, á sì máa fa oje inú rẹ̀ mu. Ewé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì funfun tàbí pupa rúsúrúsú.

Irú afòléwé tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ káàkiri ayé lé ní 20,000. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀? Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn afòléwé ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó tò lẹ́sẹẹsẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ìbátan kan tó jọ ọ́ gan-an, tí òun náà ń fa oje ọparun àti ìrẹsì. Ti ìyẹn, ẹ̀gún ńlá kan tó ṣeé mì ló wà ní ìparí ojúgun rẹ̀. Ẹni tí kò bá wo ẹsẹ̀ yóò pe ọ̀kan ní èkejì.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, wọ́n á wo orí, bóyá ó ṣe roboto ni àbí ó ṣe ṣóńṣó. Wọ́n á wo ojú, àwọ̀ àti iṣan ìyẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, torí àwọ̀ a máa tan ni jẹ. Kòkòrò méjì lè jọra bí ìbejì, kí wọ́n má sì jẹ́ irú kan náà. Akọ àti abo irú kan náà sì lè yàtọ̀ síra. Ohun tí àwọn onímọ̀ fọkàn tán jù ni ẹ̀yà ìbímọ akọ, torí irú kọ̀ọ̀kan ló ní bí tirẹ̀ ṣe rí, bí eyín kọ́kọ́rọ́ ilé yìí ṣe yàtọ̀ sí ti ilé ọ̀hún. Wọ́n á gé ìdí kòkòrò náà, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú kẹ́míkà potassium hydroxide kí ẹran inú rẹ̀ lè yọ́ dànù. Kẹ́míkà yìí bá omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú tan. Wọ́n á kó ohun tó kù sínú gilisirín, wọ́n á fi maikirosíkóòpù wò ó, wọ́n á sì yà á sórí ìwé fínnífínní. Iṣẹ́ sùúrù ni, nítorí ohun tí wọ́n ń yà kò tó orí ìṣáná.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn onímọ̀ kòkòrò náà ń wo ilé. Lọ́dún 1908, Distant, ará Gẹ̀ẹ́sì, dá agboolé kan sílẹ̀ tó pè ní Mukaria. Àwọn inú rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ, ọparun sì ni oúnjẹ wọn. Lọ́dún 1969, Anufriev, ará Rọ́ṣíà, dá òmíràn sílẹ̀, ó pè é ní Bambusana, láti ara orúkọ ọparun. Orúkọ méjì méjì ni kòkòrò kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Linnaeus, ará Sweden, lò fún wọn lọ́dún 1758: èyí àkọ́kọ́ ni orúkọ agboolé, èkejì ni tirẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá sọ kòkòrò tuntun lórúkọ lóde òní gbọ́dọ̀ yan ẹyọ kan tí yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí, tí wọ́n á tọ́jú pa mọ́. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, ẹlẹ́rìí náà ni wọ́n á lọ wò.

Wọ́n máa ń sọ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Òótọ́ ni, àmọ́ gbogbo kòkòrò tó wà lára ẹ̀fọ́ kọ́ ló ń jẹ ẹ́. Afòléwé lè bà sórí ọparun láti sinmi lásán, afẹ́fẹ́ sì lè gbé e débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń wá ọmọ rẹ̀. Ọmọ afòléwé kò tíì ní ìyẹ́, kò lè rin ìrìn àjò. Bí wọ́n bá bá àgbà àti ọmọ pọ̀ lórí ọparun kan náà, tí àwọn ọmọ ń dàgbà níbẹ̀, ẹ̀rí ti wà pé ibẹ̀ ni ilé oúnjẹ wọn. Àyẹ̀wò DNA tún ń ṣèrànwọ́ báyìí láti mọ ọmọ tó jẹ́ ti àgbà wo, àti abo tó jẹ́ ti akọ wo.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Koríko ni ọparun, bó ṣe ga tó nì. Ẹbí kan náà ni òun, àgbàdo, ìrẹsì àti ìrèké. Afòléwé tí ń mu oje koríko wà lóko tiwa náà, àwọn kan nínú wọn sì ń gbé àrùn. Àrùn kan wà tó máa ń fa ilà funfun tàbí pupa rúsúrúsú gbọọrọ sára ewé àgbàdo. Streak ni àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń pè é. Bó bá mú àgbàdo láti kékeré, ó lè má yọmọ tó nítumọ̀. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, afòléwé ló sì ń gbé e kiri. Lọ́dún 1924, Naudé fún afòléwé kan ní Gúúsù Áfíríkà ní orúkọ mbila. Lọ́dún 1925, ọdún kan péré lẹ́yìn náà, Storey fi hàn pé òun ló ń gbé àrùn náà láti ara àgbàdo kan dé òmíràn. Lọ́dún 1932, ó tún fi hàn pé nínú irú kan ṣoṣo yìí, àwọn kan lè gbé àrùn, àwọn mìíràn kò lè gbé e, ọmọ sì ń jogún rẹ̀ lára òbí.

Ìmọ̀ yìí dé Ìbàdàn. Ní IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1967, àwọn onímọ̀ sin afòléwé lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n jẹ́ kó mu oje àgbàdo tó ti ní àrùn, wọ́n sì tú u sórí àgbàdo kékeré. Èyí tí àrùn bá dá wó, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Èyí tó bá dúró, wọ́n á mú irú rẹ̀. Báyìí ni irú àgbàdo tó lè kojú àrùn streak ṣe jáde, tó sì tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà. Ká ní kòkòrò tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kì í gbé àrùn ni wọ́n sìn, gbogbo àgbàdo ọ̀hún ni ìbá yè, irú tí kò lágbára ni wọn ìbá sì pín fún àgbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóko wa. Àgbẹ̀ rí kòkòrò, ó ra oògùn, ó fín in. Oògùn pa aláǹtakùn àti agbọ́n kékeré tí ń bá a pa kòkòrò jẹ, èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ sì tún padà dé. Owó ti lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó ra oògùn, ẹ mú bíi mẹ́wàá nínú kòkòrò náà, àgbà àti ọmọ, ẹ kó wọn sínú ìgò kékeré tí sípírítì wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìlú, ọjọ́ àti ohun ọ̀gbìn tí ẹ ti mú un sórí bébà, ẹ ti bébà náà bọ inú ìgò. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí sípírítì lè fọ yíǹkì dànù. Ìgò tí kò ní bébà yẹn dà bí lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì. Ẹ wá gbé e lọ bá òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba, tàbí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa kòkòrò ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín. Orúkọ lẹ ń lọ gbà bọ̀. Bó bá dọ́wọ́ yín, ẹ ó mọ oògùn tó yẹ, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ò tilẹ̀ nílò oògùn kankan.