Ìdajì-Ìdajì Kọ́!

Ó ti sú mi. Ibi yòówù tí wọ́n bá ti ń fi ṣéènì yọ ẹ́ńjìnnì mọ́tò, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹsẹ̀ ṣéènì méjì ló gbé e, ìdajì nìyí, ìdajì nìyẹn." Mo tún gbọ́ ọ láìpẹ́ yìí, lẹ́nu olùkọ́ físíìsì, ẹni tó dúró ti mọ́tò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Òun ni mo kọ ìwé-pẹlẹbẹ yìí fún, òun àti gbogbo àwọn tó ń bá a mi orí.

Kò burú, ó lójú ibi tó ti jẹ́ òótọ́: bí okùn méjèèjì bá sọ̀ kalẹ̀ ṣánṣán, tí ẹrù sì wà láàárín gẹ́lẹ́. Ó parí síbẹ̀. Ta ló ń so ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń so ó. Ìkọ́ kan wà níwájú ẹ́ńjìnnì, ìkan wà lẹ́yìn, àlàfo wọn tó nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà. Ọmọọṣẹ́ á fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì de ìkángun ṣéènì kan mọ́ ti iwájú, á de ìkángun kejì mọ́ ti ẹ̀yìn, á wá fi ṣéènì-bílọ́ọ̀kù kọ́ àárín rẹ̀. Ọ̀gá á ní kó gé ṣéènì náà kúrú, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa fì. Nígbà tí wọ́n bá gbé e, àárín ṣéènì kò ju 8 sẹ̀ǹtímítà lọ lókè ìkọ́ méjèèjì, nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ẹsẹ̀ ṣéènì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn tán, igun 15 díígírì péré ló kù.

Ẹ́ńjìnnì tó bá wọn 200 kílò, ìwúwo rẹ̀ tó 2000 Newton. Ìfà tó lọ sókè nìkan ló sì lè gbé e. Ẹsẹ̀ ṣéènì tó dagun ń fà lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìpín kan sókè, ìpín kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi sáìnì igun náà sọ ìfà di púpọ̀, ìpín òkè nìyẹn. Ẹ fi kósáìnì sọ ọ́ di púpọ̀, ti ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Ìpín òkè yìí ni wọ́n pín dọ́gba, 1000 Newton fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni àwọn onídajì-ìdajì dúró sí. Àmọ́ sáìnì 15 díígírì kò ju 0.26 lọ! Kí ìpín òkè tó lè pé 1000, ìfà inú ṣéènì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 3860 Newton. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ru ìwúwo ẹ́ńjìnnì méjì. Ìdajì dà?

Ìpín ẹ̀gbẹ́ tó nǹkan bí 3730 Newton. Ó ń fa ìkọ́ iwájú sẹ́yìn, ó ń fa ti ẹ̀yìn síwájú. Àwọn méjèèjì pa ara wọn rẹ́, nítorí náà ẹ́ńjìnnì kò rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú kò sì rí nǹkan kan. Bóòtù ló mọ̀ ọ́n. Òun ló ń tẹ̀, òun ló ń já. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì já lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Irọ́ ni! Ṣéènì tí ẹ gé kúrú ni.

Bí ẹ kò bá gbà, ẹ so kẹ́ẹ̀gì omi 20 lítà mọ́ àárín okùn gígùn kan, kí ọkùnrin méjì tó lágbára fà á lápá ọ̀tún àti òsì títí yóò fi gún régé. Kò ní gún láé. Bí ó bá ku igun 5 díígírì péré, kálukú wọn ti ń fa nǹkan bí 1150 Newton, ìwúwo ènìyàn tó tóbi gan-an, nítorí kẹ́ẹ̀gì omi kan.

Ẹ ní ṣéènì tó nípọn ló máa yanjú rẹ̀? Ṣéènì nípọn, bóòtù ńkọ́? Ẹ ní ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀? Ẹ bi àwọn tó ti fara pa. Àti ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ pé "sáìnì fún òkè, kósáìnì fún ẹ̀gbẹ́" bí àkọ́sórí: bí wọ́n bá wọn igun náà láti òòró, ńṣe ni méjèèjì pààrọ̀ ipò. Láti 1687 ni Pierre Varignon ará Faransé ti kọ̀wé lórí ẹrù tí okùn gbé rọ̀, ọdún tí ìwé Principia ti Newton jáde. Kí ló tún kù tí ẹ ń dúró dè?

Ẹ jẹ́ kí ṣéènì gùn. Bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá gùn tó àlàfo ìkọ́ méjèèjì, igun á di 60 díígírì, ìfà inú ẹsẹ̀ kan á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 1155 Newton. Bó bá dín sí 30, ẹsẹ̀ kan ti ru ìwúwo odidi ẹ́ńjìnnì. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń fì, ẹ fi okùn kan dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́.