Ẹ Jẹ́ Kí Iye Ilẹ̀ Di Mímọ̀ ní Àkànrán

Sí Ọlọ́lá jù lọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́; sí ẹ̀yin aṣòfin wa ní Agódi; àti sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà:

Ohun kan ṣoṣo la wá bẹ̀bẹ̀ fún: kí ìjọba ṣí ìwé kan ní Àkànrán, níbi tí wọn yóò ti máa kọ gbogbo ilẹ̀ àti ilé tí a bá tà ní Ọ̀nà-Àrà sílẹ̀, pẹ̀lú iye tí a tà á, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ lè lọ wò ó láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ mọ ìtàn ìlú yìí. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tí a ń pè ní Àgbẹ̀kòyà dìde sí ìjọba láàárín 1968 sí 1969, Àkànrán wà lára ojúkò wọn, Tàfá Adéoyè sì ni aṣíwájú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Owó orí ni gbogbo ayé gbọ́ pé ó fà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kòkó wà nínú ohun tó ń dun àgbẹ̀. Àjọ ìjọba ló ń dá iye lé kòkó nígbà náà. Àgbẹ̀ kì í mọ iye tí wọ́n ta irè oko rẹ̀ lókè òkun, ohun tí wọ́n bá bù fún un ló ń gbà. Ọdún 1986 ni ìjọba àpapọ̀ tú irú àjọ bẹ́ẹ̀ ká. Lónìí, rédíò ń sọ iye kòkó, fóònù ń sọ ọ́. Nígbà tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé ní 2024, ó ṣòro fún ẹni tó ń ra kòkó láti wá sí abúlé kó ní ọjà ti kú. Àgbẹ̀ ti gbọ́, ó sì lè kọ owó tí kò tọ́.

Ilẹ̀ tí igi kòkó náà dúró lé ńkọ́? Òkùnkùn ni gbogbo rẹ̀.

Ìbàdàn ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ilé ti gba Amúlókò, ó ń tẹ̀ síwájú sí Àkànrán, oko sì ń di plọ́ọ̀tì. Bàbá tó ń ta ilẹ̀ kò mọ iye tí ẹbí tó pààlà pẹ̀lú rẹ̀ ta tiwọn. Èjẹ́ǹtì ló ń sọ iye kan fún un, tó sì ń sọ òmíràn fún ẹni tó ń rà; èyí tó wà láàárín méjèèjì, àpò ẹni tó dúró láàárín ló ń wọ̀. Ẹni tó rà náà kò bọ́. Lẹ́yìn tó bá ti gba rìsíìtì, àwọn ọmọ onílẹ̀ a dé fún owó ìpìlẹ̀, wọn a dé fún owó dẹ́ẹ̀kì, wọn a tún dé nígbà tó bá ń kanlé. Wọn kì í kọ èyíkéyìí nínú owó wọ̀nyí sínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè sọ ní ìdánilójú iye tí ilé ń jẹ́ ní Àkànrán, tàbí bóyá ó gbówó lórí lọ́dún yìí ju èṣí lọ. Àhesọ la fi ń ṣòwò. Nígbà tí àpò sìmẹ́ǹtì kan kọjá ₦10,000 láwọn ibì kan ní February 2024, ọ̀pọ̀ ló dá ilé dúró ní fèrèsé. Ẹni tó bá fẹ́ ta irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ni yóò wò tí yóò fi dá iye lé e?

Òpópónà àyíká Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ tó 110 kìlómítà, tí a sì fi orúkọ Ọba Rashidi Ládọjà sọ, tún dá kún ìṣòro yìí. A dúpẹ́ fún ọ̀nà, nítorí ọ̀nà ni àgbẹ̀ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ìròyìn bá ti ní ọ̀nà yóò gbà, ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ a sáré ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì gbọ́. Bí ìjọba bá sì gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí wọ́n san owó ilé, owó irè oko àti owó àtúnṣe tí a ti ṣe; iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ́ lọ́jà kò sí nínú ìṣirò náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpínlẹ̀ kọ́ lẹ lè dá òfin náà yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe é kí ọmọ àgbẹ̀ mọ iye tí ogún bàbá rẹ̀ tó kí ó tó fọwọ́ síwèé.

Ìwé tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí kò nílò òfin tuntun. Òfin 1978 yẹn kan náà ti fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára lórí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú ńlá, ó sì ní kí títa ilẹ̀ tí a jogún lábẹ́ àṣà má wáyé láìgba àṣẹ wọn. Àwọn ènìyàn kì í lọ gba àṣẹ náà nítorí ẹ̀rù owó, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé wọn yóò máa sọ fún wọn pé “lọ bọ̀ lọ́la”. Wọ́n ti ṣe ohun tó jọ ìwé tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún níbòmíràn. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 2009, Rwanda kọ ègé ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 10 sílẹ̀, oko àti ilé. Ní England, iye tí wọ́n ta ilé láti 1995 wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

A bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀nà àtigba owó orí o. Bí àgbẹ̀ bá gbọ́ pé ẹni tó bá kọ ọ́ yóò san nǹkan, kò ní kọ ọ́, tàbí kí ó pa irọ́ nípa iye. Ẹ má fi orúkọ ẹni tó tà hàn, nítorí olè. Kí ìwé sọ abúlé, bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó, oṣù tí wọ́n tà á, àti iye, pẹ̀lú gbogbo owó ìpìlẹ̀ àti owó dẹ́ẹ̀kì. Kí a kọ ọ́ ní Yorùbá, kí Baálẹ̀ àti Mógàjí ẹbí fọwọ́ sí i, kí ọmọ kan má baà ta ilẹ̀ gbogbo ẹbí ní kọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ ta ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ìwé yóò ti tú u fó.

Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó ti wà ní Àkànrán, pẹ̀lú ilẹ̀ tí a bá tà láti oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní rìsíìtì àtijọ́, tó sì fẹ́, lè mú un wá. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwa ará abúlé yan ẹni tí yóò bá akọ̀wé yín jókòó, a ti ṣe tán.

Àwa ọmọ àgbẹ̀ Àkànrán