Ogúnléndé àti Òkú Ìyá Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa tí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Wọ́n á ní, "Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹ̀rù ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ń bà á, kí ni ó tún wá ṣe nílé?" Ogúnléndé ni wọ́n ń bá wí, ẹni tí ó sá kúrò nílùú kí wọ́n má baà pa á tàbí kí wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n láìṣẹ̀.

Sísá àsálà kì í ṣe àjèjì sí àwa ará Òkè-Ògùn. Ní Adó-Àwáyè, ìtàn ìlú sọ pé orí òkè ni àwọn baba wa ń gbé nígbà ogun, kí ọ̀tá má baà dé bá wọn lójijì. Ẹni tí ó sá gòkè nígbà náà kò gbàwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìlú bá rọ̀, a sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹbí rẹ̀.

Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1951, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1967, ni ó de ọ̀rọ̀ náà. Abala 28 rẹ̀ ní kí ilẹ̀ tí ogúnléndé ń gbé lọ́nà òfin fún un ní ìwé ìrìnnà, kí ó lè jáde kí ó sì padà. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì ń fún wọn, fún àpẹẹrẹ, kì í dé ilẹ̀ tí ẹni náà ti sá wá. Abala 1 àdéhùn náà sì sọ pé ẹni tí ó bá fínnúfíndọ̀ padà sábẹ́ ààbò ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ogúnléndé mọ́. N kò bá òfin yìí jà. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni mo ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọmọ Adó-Àwáyè kan tí ó sá fún ìjọba Abacha ní 1995, tí Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á. Ìyá rẹ̀ kú ní 1997, òun sì ni àkọ́bí. Bí ó bá lọ gba páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ní London, wọn á ní ó ti tọrọ ààbò lọ́wọ́ ẹni tí ń lépa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ páásípọ́ọ̀tù náà gan-an ni ì bá gbé e dé Kútọnù láìgba físà, nítorí àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ ilẹ̀ wọ̀nyí ní 90 ọjọ́. Ọ̀nà ìgbẹ́ ibodè Benin ni Wọlé Ṣóyínká gbà jáde ní November 1994. Bóyá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí yóò gbà wọlé lóru, kí ó lè da erùpẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lórí. Ṣé ẹni tí ó fòru wọlé ni a ó sọ pé ó ti bá ìjọba rẹ́?

Ìwé atọ́nà tí UNHCR, àjọ àgbáyé fún ogúnléndé, tẹ̀ jáde ní 1979 ti dáhùn díẹ̀. Ó ní kí a yẹ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀, pé lílọ wo òbí arúgbó tàbí aláìsàn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú lílọ déédéé fún ìsinmi tàbí òwò. Ìmọ̀ràn lásán ni, kò sì dárúkọ òkú. Lójú Yorùbá, ìsìnkú òbí wúwo ju ìbẹ̀wò lọ fíìfíì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń purọ́ gba ìwé yìí, tí wọ́n sì ń wá ṣe Kérésì nílé lọ́dọọdún. Kí òfin mú wọn.

Àwa náà ń gbàlejò. Ogun Liberia tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1989 lé àwọn ènìyàn dé Orù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn; láti 2017 ni àwọn ará Cameroon ti ń sá wọ Cross River àti Benue. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn yóò gbọ́ pé bàbá òun kú, yóò sì fẹsẹ̀ rìn kọjá ibodè. Bí ó bá padà dé, mo fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wa kọ́kọ́ bi í pé òkú ta ni, ọjọ́ mélòó ni ó sì lò, kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rù kò bà á mọ́.