Èémí Mẹ́fà Láàárín Ìṣẹ́jú Kan

Ní oṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan wọn ìfúnpá mi, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó tún un wọ̀n: 158 lórí 97. "Àǹtí, ṣé ẹ sáré dé ni?" N kò sáré. Inú dáńfó ni mo ti ń bọ̀.

Navy Town ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina, ṣùgbọ́n kí n tó dé Mile 2 náà ni ogun wà. Tírélà ní ọ̀tún, kòtò ní òsì, kọ̀ndọ́ ń pariwo létí mi. Ọpọlọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín tírélà àti kìnnìún. Yóò ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ méjì tí ó jókòó lórí kíndìnrín, wọn yóò sì tú adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà yóò máa lù kìkì, ìfúnpá yóò gòkè. Bí ewu náà bá jẹ́ ti ìṣẹ́jú márùn-ún, èyí a máa gba ẹ̀mí là. Bí ó bá di ojoojúmọ́, a máa ba oorun jẹ́, a sì máa ṣe hippocampus lọ́ṣẹ́, ibi tí ọpọlọ ti ń fi nǹkan sí ìrántí. (Ẹ bi àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí mò ń ṣi orúkọ wọn pè.)

Dókítà fún mi ní oògùn, ó sì kọ́ mi ní mímí: fà á sínú títí dé ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, tú u síta títí dé ẹ̀fà. Ìmíjáde gígùn ni ó ń jí iṣan vagus, èyí tí ń sọ fún ọkàn pé kí ó rọra.

Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kéde pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ènìyàn 16 fi ṣe àṣàrò, ẹran ọpọlọ wọn pọ̀ sí i níbi hippocampus. Ní ọdún 2022, àwọn mìíràn fi èrò tí ó ju 200 lọ dán an wò, wọn kò rí i. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ta ẹ̀kọ́ tí ń mú ọpọlọ tóbi, n kò ní owó rẹ̀. Ti ìfúnpá ni mo gbà: mímí pẹ̀lẹ́ a máa fà á wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọ́pò oògùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, 142 lórí 90. Oògùn ni àbí èémí? N kò fi ọ̀kan sílẹ̀.

Láàárọ̀ yìí ní Agboju, mo dijú, mo ń kà á. Kọ̀ndọ́ gbá mi léjìká: "Àǹtí, ẹ má sùn o. Owó ọkọ̀ dà?"