Òṣìṣẹ́ Kọ́ Ló Yẹ Kó Sanwó Iṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó PhD

Bí a bá ti ń sún mọ́ ìparí oyè àkọ́kọ́ ni ìbéèrè yìí máa ń dé: "Ṣé ẹ ó tẹ̀ síwájú?" Àwọn òbí wa ń bi wá, àwọn olùkọ́ wa náà ń bi wá. Orí wa pé, ìyẹn kọ́ ni ìṣòro. Owó ni. A sì fẹ́ sọ ọ́ ketekete pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe PhD kò tọ́, yálà nílé tàbí lókè òkun.

Kí ni PhD gan-an? Kì í ṣe pé èèyàn kàn jókòó sí kíláàsì kí wọ́n máa kọ́ ọ. Iṣẹ́ ìwádìí ni. Fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni náà ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Orúkọ yunifásítì ló máa wà lára àbájáde rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ló ń kọ́ àwa ọmọ oyè àkọ́kọ́, tó sì ń bá wọn máàkì ìwé wa. Àwọn àgbà ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòji. Ti PhD tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, wọ́n tún ní kó wá san owó oòrùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa fojú sí. Ní sáà 2025/26, £5,006 lọ́dún ni UKRI, àjọ tó ń pín owó ìwádìí ìjọba níbẹ̀, fi ṣe òdiwọ̀n owó ilé-ìwé ọmọ onílé. Ẹni tí àjọ náà bá gbé ẹrù rẹ̀ kò ní fi owó ara rẹ̀ san án, wọ́n á tún fún un ní owó ìgbọ́bùkátà tí kò dín ní £20,780 lọ́dún. Àjòjì tó wà ní yàrá ìwádìí kan náà, tó ń lo ẹ̀rọ kan náà ńkọ́? Ó wọ́pọ̀ kí owó ilé-ìwé tirẹ̀ ju £20,000 lọ lọ́dún, pàápàá nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Bí a bá ṣírò pọ́n-ùn kan sí ₦2,000, ₦40 mílíọ̀nù nìyẹn. Ẹni tó ń gba ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ ní 2024, yóò ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ọdún 47, láìjẹ láìmu, kó tó lè san owó ọdún kan ṣoṣo.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Owó ìlera tún wà níbẹ̀, £776 lọ́dún, gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó fúnni ní físà. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìdílé dání yóò san £776 lọ́dún fún ọkọ tàbí aya, àti £776 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan á ní ọmọ onílé ló ń san owó orí, kí ló dé tí yóò fi gbé ẹrù àjòjì? Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ nìkan ni àjòjì wá gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ìwádìí ń mú nǹkan wọlé fún wọn ni. Ní Sweden àti Nọ́wè, òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ṣe PhD, ì báà jẹ́ àjòjì. Ní Jámánì, nígbà tí ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg bẹ̀rẹ̀ sí í gba €1,500 ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òde Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2017, wọ́n yọ àwọn tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé sílẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe níbẹ̀ ṣeé ṣe níbòmíràn.

Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àjọ NUC ní ẹni tí yóò kọ́ni ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ní PhD. Ó dáa. Ta ló ń sanwó rẹ̀? Olùkọ́ kékeré náà ni, láti inú owó oṣù tí kò tó ná. Òun ló ń san owó ilé-ìwé, òun ló ń ra kẹ́míkà, òun ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Nígbà tó yá, TETFund náà dá rírán olùkọ́ lọ kàwé lókè òkun dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn òde, ẹ ṣí ti ilé.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ìjọba àti TETFund sọ PhD di iṣẹ́ olówó oṣù ní àwọn yunifásítì wa. Kí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba iye kan náà lọ́wọ́ onílé àti àjòjì tó ń ṣe ìwádìí.

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ wa, ẹ má jẹ́ kí ajẹ́ńtì kankan fi lẹ́tà àdímíṣọ̀n tí kò ní owó nínú tàn yín ta ilẹ̀ bàbá yín. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ń dárí owó ilé-ìwé PhD jini, tí wọ́n sì ń sanwó fún ẹni tó bá ń bá wọn kọ́ni tàbí ṣèwádìí. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún fọ́ọ̀mù, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni yóò sanwó iṣẹ́ tí mo fẹ́ wá ṣe fún yín? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ìwọ ni," ẹ wá ibòmíràn lọ.