Kí Gíwá Dìde Lórí Àga Sẹ́nẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNILAG jókòó. Akoka ni fásitì wà, ṣùgbọ́n Abuja ni wọ́n ti ṣèpàdé, ní ọ́fíìsì NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn fásitì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti yọ gíwá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwatoyin Ogundipe, wọ́n sì ti fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Omololu Soyombo ṣe adelé. Sẹ́nẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fásitì náà, ní àwọn ò gbọ́. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ASUU, ní àwọn ò gbà. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Ààrẹ Buhari fi ní kí gíwá àti alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ, Agbẹjọ́rò Àgbà Wale Babalakin, yẹra ná kí ìgbìmọ̀ olùwádìí lè ráyè wọlé. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, Sẹ́nẹ́ẹ̀tì dìbò yan adelé tiwọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Folasade Ogunsola ní ìbò 135, ẹni tó bá a du ipò ní 31. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, Ogundipe ti padà sórí àga, ìjọba sì ti tú ìgbìmọ̀ aláṣẹ náà ká.

Àwa olùkọ́ fásitì yọ̀ lọ́jọ́ tí Ogundipe padà bí ẹni pé ilé wa ló jàre ẹjọ́. Nípa ti òfin, a jàre lóòótọ́. Àmọ́ ayọ̀ yẹn kò jẹ́ ká rí nǹkan kan tó ti ń jẹ wá lára tipẹ́, òun ni mo sì fẹ́ sọ.

Òfin ná. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin àwọn fásitì ní 2003, èyí tí gbogbo wa ń pè ní òfin òmìnira fásitì, kò ṣòro kà. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ gíwá, ìgbìmọ̀ aláṣẹ gbọ́dọ̀ gbé ìgbìmọ̀ ẹni márùn-ún kalẹ̀: mẹ́ta láti inú ìgbìmọ̀ aláṣẹ, méjì láti inú Sẹ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn yìí ni yóò wádìí ẹ̀sùn, tí wọn yóò sì jábọ̀. Bí àga gíwá bá ṣófo, ẹni tí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì bá dábàá ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ lè fi ṣe adelé. Gbólóhùn kúkúrú kan tún wà níbẹ̀ tó sọ pé kò gbọdọ̀ sí alákòóso àdáṣe ní fásitì kankan ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá rántí ìgbà Abacha, tí ọ̀gágun jókòó sórí àga gíwá ní Ahmadu Bello ní Zaria, tí alákòóso àdáṣe sì ń pàṣẹ ní Nsukka, á mọ ibi tí gbólóhùn yẹn ti wá. Lẹ́yìn ìwádìí ti 2020, ìjọba fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ Ogundipe kò bá ìlànà mu.

Ìjà yìí kì í ṣe tuntun ní Akoka. Ní 1965, ìgbìmọ̀ aláṣẹ kọ̀ láti tún Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku yàn, wọ́n mú Saburi Biobaku, bẹ́ẹ̀ Njoku ni Sẹ́nẹ́ẹ̀tì fẹ́. Ọ̀rọ̀ di ti Ìgbò àti Yorùbá, olùkọ́ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kò kéré, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì fi ọ̀bẹ gún Biobaku. Ọdún 55 kọjá, ọgbà kan náà, ẹjọ́ kan náà: ta ló ni gíwá?

Ẹ jẹ́ ká wá gbọ́ ti ẹnì kejì. Ohun tí Babalakin àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń tẹnu mọ́ ni pé àwọn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ná owó fásitì. N kò sọ pé Ogundipe jẹ̀bi. Wọ́n dá a padà, ó sì lo sáà rẹ̀ pé ní 2022. Ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ kò burú. Owó ìlú ni, owó àwọn òbí tó ń ta ilẹ̀ san owó ilé ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ìta ni ẹni tó béèrè ti wá. Ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwa ará ilé kì í béèrè.

Mo mọ̀ nítorí pé mo wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó nínú Sẹ́nẹ́ẹ̀tì fásitì kan tí n kò ní dárúkọ. Ìrọ̀lẹ́ tí ìpàdé bá ku ọ̀la ni ìwé ìpàdé máa ń dé, ó nípọn bíi bíríkì, èsì ìdánwò ló sì kún inú rẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀. Títí aago mẹ́ta, máàkì ọmọ kan tó yẹ kó jẹ́ 54 tí wọ́n kọ ní 45 la ó máa fà mọ́ra wa lọ́wọ́. Ìjábọ̀ àwọn tí a yàn sínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ ló máa ń kẹ́yìn. Nígbà yẹn, òórùn ìrẹsì àti ẹran díndín ti ń ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé. Gíwá á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á ní, “Ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ lórí èyí?” Bó ṣe ń béèrè ló ń ká ìwé rẹ̀ jọ. Ẹnì kan á ní òun dábàá pé ká tẹ̀ síwájú, ẹlòmíràn á ti í lẹ́yìn, ó tán nìyẹn.

Ọjọ́ kan wà tí àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ dìde. Ó fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ra ọkọ̀ tuntun mẹ́rin fún àwọn ọ̀gá nígbà tí jẹnẹrétọ̀ yàrá àyẹ̀wò àwọn ti dákẹ́ láti èṣín. Gíwá kò bínú rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká rí ara wa ní ọ́fíìsì.” Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. A lé ní ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, a ti ka ìwé títí irun fi funfun, kò sì sí ẹnì kan tó sọ pé, “Rárá o, níbí ni kí ẹ ti dá wọn lóhùn.” Fáìlì ìgbéga olùkọ́ méjì ní ẹ̀ka mi wà lórí tábìlì gíwá lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ro ti àwọn ọmọ náà, mo jókòó sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Gíwá ló ń ṣe alága níbi tí wọ́n ti ń gbé olùkọ́ ga. Gíwá náà ni alága Sẹ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí a fẹ́ bi léèrè ló ń pe orúkọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, òun ló ń sọ pé àkókò ti lọ, òun ló sì ń buwọ́ lu àkọsílẹ̀ ohun tí a sọ. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. A ò sì lè bú ọ̀bẹ. Àwa la sọ pé òun ni kó máa gbẹ́ ẹ.

Àwọn baba wa ò ṣe irú èyí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin kọ́ ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, Baṣọ̀run ni. Ìjòyè méje ni wọ́n, bí ọba bá sì ti ki àṣejù bọ ọ̀rọ̀ náà, ẹnu Baṣọ̀run ni yóò ti gbọ́ pé ìlú ti kọ òun. Ká ní Aláàfin ló ń darí ìpàdé Ọ̀yọ́ Mèsì ni, ta ni ì bá gbé igbá òfìfo, àmì pé ìlú ti kọ ọ́, lọ síwájú rẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹnì kan á na orúkọ Gáà sí mi. Kò parọ́: Baṣọ̀run Gáà sọ agbára yẹn di ogún baba rẹ̀, ọba tó tọwọ́ rẹ̀ kú kì í ṣe ẹyọ kan, kó tó di pé Aláàfin Abíọ́dún rí tirẹ̀ ṣe ní 1774. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kí ẹnì kan gba àga lọ́wọ́ gíwá kó máa gbé e lọ sílé. Nǹkan kékeré ni mò ń béèrè.

Bí ìpàdé bá dé orí ìjábọ̀ láti ìgbìmọ̀ aláṣẹ, tàbí orí ohunkóhun tó kan ọ́fíìsì gíwá fúnra rẹ̀, owó ni o, ọkọ̀ ni o, ẹ̀sùn ni o, kí gíwá dìde. Kó jókòó sáàrin àwọn yòókù, kó dáhùn ìbéèrè bíi tiwọn. Kí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì yan ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti darí wákàtí yẹn, kó jẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá ẹ̀ka, tí kò sì ń du àga gíwá. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, kí wọ́n yan ẹlòmíràn. Láti kọ ọ́ sínú òfin, ó di ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ní Abuja. Ṣùgbọ́n gíwá tó bá fẹ́ ṣe é lọ́la kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní láti dìde lórí àga ni.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí mo sọ èyí fún kò gbà pẹ̀lú mi. Wọ́n ní ìjọba ni ọ̀tá, pé bí a bá ń bi gíwá ní ìbéèrè ní gbangba, Abuja la ń fún ní igi tí wọ́n á fi nà wá. Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí. Ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba àpapọ̀ tú gbogbo ìgbìmọ̀ aláṣẹ àwọn fásitì rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́rin ni òfin fún wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan gbáko kí wọ́n tó yan òmíràn, ASUU sì ní láti fi ìyanṣẹ́lódì halẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní Ìlọrin, ní 2001, wọ́n lé olùkọ́ 49 dànù nítorí ìyanṣẹ́lódì, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló dá wọn padà ní 2009. Ọdún mẹ́jọ! Èmi náà ò fọkàn tán Abuja.

Ṣùgbọ́n ẹ ka òfin kan náà tí a fi ja ìjà 2020, kí ẹ kà á dé ibi tí wọ́n ti to àwọn tó máa wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Ìjọba yan alága, ó yan ẹni mẹ́rin, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ rán ẹnì kan. Mẹ́fà nìyẹn. Sẹ́nẹ́ẹ̀tì yan ẹni mẹ́rin, àpapọ̀ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tó gboyè yan ẹni méjì. Mẹ́fà nìyẹn náà. Fi gíwá àti àwọn igbákejì rẹ̀ kún un, fi ẹnì kan tí àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde yàn kún un. Ará ilé ju àlejò lọ nínú yàrá yẹn. A ń pariwo pé Abuja ń jẹ wá mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni mẹ́fà tí a fi ìbò tiwa rán lọ síbẹ̀ kì í jíhìn fún wa. Ìjíhìn wọn ló ń bá òórùn ìrẹsì pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan nínú wọn a tilẹ̀ máa rò pé ẹ̀bùn ni ipò náà, pé gíwá ló fi ṣe àwọn lóore.

Ibi tí ilé kì í ti í béèrè ọ̀rọ̀ ni ìta ti ń ráyè wọlé. Bí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì kan bá jẹ́ ẹni tó máa ń bi gíwá rẹ̀ léèrè lóṣooṣù, tí ìdáhùn wà nínú àkọsílẹ̀, ẹjọ́ wo ni alága kan fẹ́ kó lọ sí Abuja? Bí alága bá sì parọ́ mọ́ gíwá, àkọsílẹ̀ yẹn ni gíwá yóò nà jáde. Ìbéèrè tó ń dà á láàmú ní gbọ̀ngàn lónìí ni yóò gbà á sílẹ̀ lọ́la. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé àǹfààní gíwá wà nínú ohun tí mò ń béèrè ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ.

Òmíràn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Sẹ́nẹ́ẹ̀tì kò mọ́, pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti “ọmọ wa ni” ti kó wọ inú rẹ̀. N kò ní jiyàn. Ní 2022, nígbà tí wọ́n yan gíwá tuntun ní OAU, fásitì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn kan tí wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ọmọ Ifẹ̀ wá fẹ̀hónú hàn nínú ọgbà, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì wà láàrin wọn. (Mo bẹ ẹ̀yin àgbà Ifẹ̀, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò bójú mu.) Ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ ni “ọmọ wa ni” ti ń sanra. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà ọmọ bàbá rẹ̀ kó gbèjà rẹ̀ lójú gbogbo wa, kí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ohun tó sọ.

Àgbà tó béèrè ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yẹn ti fẹ̀yìn tì. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì, n kò ní fáìlì kankan lórí tábìlì ẹnikẹ́ni mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú Sẹ́nẹ́ẹ̀tì lónìí, ọwọ́ yín ló kù sí. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, bí ẹ bá ṣí ìwé, kí wọ́n tó débi máàkì ọmọ ẹnikẹ́ni, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ dábàá pé ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ aláṣẹ ni kó ṣáájú. Ẹ wá bẹ gíwá, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó tì yín.