Ta Ló Ń Jẹ́ "Admin"?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní sáà tó kọjá, nígbà tí àwọn SS2 ń ṣe ìdánwò Data Processing lórí kọ̀ǹpútà, Wi-Fi ilé-ìwé wa kú lójijì. Gbogbo nǹkan dúró gbagidi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pàdánù ìdáhùn tí wọ́n ti tẹ̀. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa lọ wo kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n sì ka ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí wa létí: "admin" ló pa gbogbo ẹ̀rọ náà tó sì tún wọn tàn, ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì.

Ta ni admin? Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà nínú ẹgbẹ́ ICT ló jókòó nítòsí kọ̀ǹpútà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì mọ pásíwọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ parí sí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gé koríko, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gá tó bá wa so Wi-Fi wá yí wáyà kan padà. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́ pé òun lòun fi sọ́fítíwíà tuntun sínú àwọn ẹ̀rọ náà láti ṣọ́ọ̀bù òun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Òun náà, "admin" ló fi ń wọlé.

Mi ò kọ èyí láti bú olùkọ́ kankan o. Mò ń kọ ọ́ nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi lè ṣẹlẹ̀ lọ́la sí èmi tàbí sí ìwọ tó dúró síwájú ògiri yìí. Èrò mi rèé: kí ẹnikẹ́ni tó bá ń fọwọ́ kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ìwé yìí ní àkáǹtì tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, àti agbára tó mọ níwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Títí a ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí a má fi orúkọ "admin" jẹ ọmọ kankan níyà mọ́.

Ẹ wòkè tí ẹ bá wọ kíláàsì. Àwo funfun pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ àjà, tí iná kékeré ń tàn lára rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní AP. Òun ló ń fọ́n Wi-Fi ká. Mọ́kànlá ni wọ́n níbí. Sọ́fítíwíà tó wà ní láàbù ló ń ṣọ́ gbogbo wọn: ó ń fi èyí tó wà láàyè hàn àti èyí tó ti kú, iye fóònù tó so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tó ń jẹ dátà jù. Kì í ṣe wíwò nìkan. Ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ lè pa AP, ó lè yí pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi padà, ó lè dènà fóònù ẹlòmíràn, ó tilẹ̀ lè lé àwọn ádímìn tó kù jáde.

Mo jókòó, mo ka àwọn tó mọ pásíwọ́ọ̀dù ọ̀hún. Olùkọ́ méjì. Ẹni tó ń tọ́jú láàbù. Ọ̀gá tó so ó. Kọ́pà tó parí ìsìn ìlú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ẹgbẹ́ ICT mẹ́ta. Bọ̀dá SS3 kan tó ti jáde. Àti ẹnì kan tí mo máa sọ nísàlẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá, orúkọ kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní ewúrẹ́ àjọní, ebi ní ń pa á kú. Tiwa tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ewúrẹ́ àjọní yìí bá jẹ iṣu aládùúgbò, ọmọ tó bá wà nítòsí ni wọ́n máa mú.

Àwa tí a ń gbé ní Ajah kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún. Láti Badore dé Sangotedo, ẹ̀sítéètì lọ́tùn-ún, ẹ̀sítéètì lósì. Àlejò kì í ṣàdédé wọlé. Onílé á fi fóònù rẹ̀ ṣe kóòdù ránṣẹ́ sí i, kóòdù náà á sì kú tí àkókò rẹ̀ bá tó. Tí ọmọ ọ̀dọ̀ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á gba káádì rẹ̀ ní géètì. Ṣé ẹ ti rí ẹ̀sítéètì tó sọ pé kí gbogbo àlejò máa fi orúkọ alága wọlé rí? Nǹkan tí a kò lè gbà ní géètì ilé wa, kí ló dé tí a fi gbà á nínú kọ̀ǹpútà?

Àwọn tó ṣe irú sọ́fítíwíà yìí ti ro ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Ẹ wo MikroTik, ilé-iṣẹ́ orílẹ̀-èdè Latvia. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín àwọn tó ń lo ẹ̀rọ wọn sí: "read", "write" àti "full". Ẹni tó wà ní "read" á wò, kò lè yí nǹkan padà. Ẹni tó wà ní "write" lè tún nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n kò lè fi àkáǹtì kún un tàbí yọ ọ́. "Full" ló ni gbogbo rẹ̀. UniFi ti ilé-iṣẹ́ Ubiquiti ní Amẹ́ríkà náà ní irú rẹ̀: ẹni tó lè ṣe gbogbo nǹkan wà, ẹni tó kàn lè wò wà. Kò sí kọ́bọ̀ kankan tí èèyàn ń san kí ó tó ṣí àkáǹtì kejì. Kí ẹnì kan jókòó fún wákàtí kan péré ni.

Tí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mò ń sọ, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Làìbéríà, ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wa níbí. Ní ìparí ọdún 2016, wọ́n kọlu ilé-iṣẹ́ fóònù Lonestar MTN. Ohun tí wọ́n fi jà ni wọ́n ń pè ní Mirai. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa wá ráútà àti kámẹ́rà kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó máa dán orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù bí ọgọ́ta wò lára wọn, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi sínú ẹ̀rọ kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn: admin àti admin, root àti root, admin àti 1234. Ẹ̀rọ tí olówó rẹ̀ kò bá yí tirẹ̀ padà, ó di ẹrú nìyẹn. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniel Kaye, ni ẹnì kan láti ilé-iṣẹ́ tó ń bá Lonestar du ọjà háyà fún iṣẹ́ náà. Ilé-ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán an lẹ́wọ̀n oṣù 32 ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀. Mi ò ní kọ pásíwọ́ọ̀dù tiwa àtijọ́ síbí, ṣùgbọ́n òun àti àwọn tí mo kà yẹn, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àkáǹtì kọ́ ló kù nìkan, ọ̀rọ̀ orúkọ ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Etí òkun Lekki tiwa yìí wà lára ibi tí irú wáyà bẹ́ẹ̀ ti ń gòkè, síbẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì fà bí ìgbín. Ní ilé wa, ìgbà márùn-ún ni mo pa ráútà tí mo tún tàn án, mo rò pé òun ló ṣẹ̀. Ẹni tó ní sọ́fítíwíà tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ì bá ti rí i lójú ẹsẹ̀ pé àwọn ẹ̀rọ inú ilé wà láàyè, ọ̀nà tó lọ síta ló dí. Ṣùgbọ́n ó dìgbà tí ẹ̀rọ bá ní orúkọ. Níbí, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi bí AP mọ́kànlá wa náà ló ṣì wà lórí wọn. Tí ọ̀kan bá kú, wọ́n á gbé àkàbà láti yàrá dé yàrá. Ẹ jẹ́ ká sọ wọ́n ní "Láàbù", "SS1B", "Ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà", wàhálà tán.

Fóònù náà ńkọ́? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣọ́ra fún orúkọ fóònù tó bá hàn lórí sọ́fítíwíà yẹn. Ẹnikẹ́ni lè sọ fóònù rẹ̀ ní orúkọ mi lónìí. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí fóònù ń gbé jáde náà kò dúró sójú kan mọ́: láti Android 10 àti iOS 14, fóònù lè gbé nọ́ńbà àdàpè jáde fún Wi-Fi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà máa tọ ipasẹ̀ ẹni tó ni ín. Ó dáa fún ààbò, ṣùgbọ́n kò dáa láti fi dá ẹjọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní pásíwọ́ọ̀dù kan rọrùn, pé tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ṣàìsàn ńkọ́? Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ènìyàn méjì ní "full", kí ẹ̀kẹta sì wà nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá àgbà. Àwọn mìíràn á ní kí ọmọ ilé-ìwé má tilẹ̀ débẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti fẹ́ kọ́ ọ? Ẹ fún ẹgbẹ́ ICT ní "read". Ẹni tó kàn lè wò kò lè yí ètò ẹ̀rọ padà. Kí ọ̀gá tó so ó náà ní orúkọ tirẹ̀, kó sì sọ fún wa kó tó fọwọ́ kan nǹkan lásìkò ìdánwò. Lọ́jọ́ tí kọ́pà bá gba lẹ́tà ìparí ìsìn, lọ́jọ́ tí bọ̀dá SS3 bá bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, kí àkáǹtì wọn bá wọn lọ.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà kò mọ́ nínú rẹ̀. Àwa la ń sọ pásíwọ́ọ̀dù fún ara wa bí ẹni ń pín gúgúrú. Òfin Cybercrimes ti ọdún 2015 náà sọ̀rọ̀ nípa wíwọ kọ̀ǹpútà láìgba àṣẹ. Ẹni kẹwàá tí mo ní mo máa sọ, èmi ni. Ọ̀rẹ́ mi yẹn kan náà ló sọ ọ́ fún mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jẹ́ admin, ẹ̀rí tó lè gba ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ wà lẹ́nu mi, mo sì dákẹ́, nítorí wọ́n á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo wo ọ̀rẹ́ mi láti fèrèsé níbi tó ti ń gé koríko.

Mo ti lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa kí n tó kọ èyí. Wọ́n bá mi wí, wọ́n sì yí pásíwọ́ọ̀dù padà lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣeun, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo náà ni, "admin" náà ni, àwọn tó sì ti mọ̀ ọ́n báyìí ti di mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká ṣí àkáǹtì fún oníkálukú kó tó di mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ẹgbẹ́ ICT sì gba ọ̀rẹ́ mi padà, ní gbangba, bí wọ́n ṣe yọ ọ́ ní gbangba.

Tí Wi-Fi bá tún kú lọ́la, tí wọ́n sì béèrè ẹni tó pa á, orúkọ ẹni tó ṣe é ni kí ìdáhùn jẹ́, kì í ṣe ti ẹni tó jókòó nítòsí.